Ṣé ó tọ́ kéèyàn ra ọkọ̀ tó lè sùn sí? Ohun tí ojú mi rí lórí iná rẹ̀

Owó tí mo ná sórí iná inú ọkọ̀ mi ju owó bẹ́ẹ̀dì, kọ́bọ́ọ̀dù, ìdáná àti aṣọ ojú fèrèsé pọ̀ lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì sanwó iṣẹ́ kan náà, torí rewire, ìyẹn oníṣẹ́ iná ọkọ̀, tó kọ́kọ́ ṣe é bà á jẹ́ pátápátá. Ó dùn mí títí di òní. Àwọn tó bá rí ọkọ̀ náà ní Ìtòkú máa ń bi mí pé èló ni mo rà á, wọ́n á ní àwọn náà fẹ́ ní irú rẹ̀. Iye tí mo rà á kọ́ ló yẹ kí wọ́n bi mí. Iye tí mo ná lẹ́yìn tí mo rà á tán ni kí wọ́n bèèrè.

Àdìrẹ ni mo ń tà. Ìtòkú ni ṣọ́ọ̀bù mi wà nílùú Abẹ́òkúta, ṣùgbọ́n ibi ọdún ni ọjà gidi wà: Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọjọ́ kẹta Iléyá, àti ọdún Ọ̀ṣun ní Òṣogbo nínú oṣù Kẹjọ. Lásìkò bẹ́ẹ̀, yàrá hòtẹ́ẹ̀lì máa ń wọ́n bí ojú. Lọ́dún kan, mo ti bá wọn sọ̀rọ̀ níbì kan ṣáájú, a ti fẹnu kò sí iye. Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n ní owó ti di ìlọ́po mẹ́ta, pé tí mi ò bá san, ẹlòmíì wà nílẹ̀. Dẹ́rẹ́bà ọkọ̀ tí mo háyà ń kígbe pé kí n tètè já ẹrù mi. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo pe bàbá àwọn ọmọ mi lórí fóònù, mo ní màá ra ọkọ̀ tí màá kó ẹrù sí, tí màá sì sùn sí. Ó ní kí n ṣe bó ṣe tọ́ lójú mi.

Rírà á kò ní wàhálà. Wọ́n kọ́kọ́ fi Volkswagen kan hàn mí tí wọ́n ti ṣe parí láti England, ó ní bẹ́ẹ̀dì, ó ní ìdáná, ó rẹwà. Apá ọ̀tún ni sítíárì rẹ̀ wà. Láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti ń gba apá ọ̀tún ọ̀nà, òfin wa ò sì gba ọkọ̀ oní-sítíárì ọ̀tún. Wọ́n ní àwọn á bá mi yí i. Mo ní kí wọ́n máa gbé e lọ. Toyota HiAce tòkunbọ̀ ni mo rà, onígíà ọwọ́, torí kò sí mẹkáníìkì tí kò mọ inú rẹ̀ láti Kútọ̀ títí dé Pànṣẹ́kẹ. Ọkọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe èrò ni kí ẹ rà. Ibi yòówù tó bá dákú sí, ẹ ó rí ẹni tí yóò jí i.

Káfíńtà kò gbà mí lákòókò rárá. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wù mí débi pé mo máa ń ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ fún àlejò kí wọ́n lè wò ó. Bẹ́ẹ̀dì náà ga, abẹ́ rẹ̀ gba àwọn Ghana-must-go tí mo ń kó ọjà sí, pákó rẹ̀ sì ṣeé ká sókè. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni mo fi ṣe aṣọ ojú fèrèsé, èmi fúnra mi ni mo fi ìyẹ́ adìyẹ àti láfún ya á. A lẹ fóòmù mọ́ òrùlé àti ẹ̀gbẹ́ kí wọ́n tó fi pákó bò ó, torí páànù ọkọ̀ tó ti gba oòrùn Abẹ́òkúta láti àárọ̀, kò ní jẹ́ kéèyàn sùn lálẹ́. Nẹ́ẹ̀tì wà lójú fèrèsé gbogbo.

Ọ̀rọ̀ iná ló kù.

Ẹnìkan ló júwe rewire náà fún mi. Mo sọ ohun tí mo fẹ́ fún un: fíríìjì kékeré kan, fáànù méjì, gílóòbù, ibi tí mo lè ti máa gba iná sí fóònù àti ẹ̀rọ POS. Mo bi í pé ṣé kò yẹ ká ra bátìrì kejì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹyọ kan yìí á gbé gbogbo ẹ̀." Ó gba owó ọjà, ó gba owó iṣẹ́. Ó tan gílóòbù fún mi wò, ó tan fáànù, gbogbo rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Mo sanwó tó kù, mo gbé ọkọ̀ mi lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde.

Oorun tí mo sùn lóru yẹn dára. Ilẹ̀ mọ́, mo jókòó sídìí sítíárì, mo yí kọ́kọ́rọ́. Ká-ká-ká ló ń dún. Àwọn iná pupa iwájú sítíárì kò tàn dáadáa mọ́. Mo tún yí i, kò tiẹ̀ dún mọ́. Mo gbọ́dọ̀ gbé ọkọ̀ dé ibi tí a pàtẹ kí èrò tó kún, oníbàárà kan ti ń pè mí lórí fóònù pé aṣọ ẹgbẹ́ àwọn dà. Àwọn ọmọkùnrin àdúgbò ló bá mi tì í kó tó dáhùn, mo sì fún wọn lówó.

Nígbà tí mo padà sí Abẹ́òkúta, rewire náà ní bátìrì ló ti gbó. Ó tà tuntun fún mi. Ohun kan náà tún ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú bátìrì tuntun. Nígbà tí mo tún pè é, kò gbé fóònù mọ́, àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ á ní ọ̀gá ti jáde.

Mo gbé e lọ bá bàbá àgbàlagbà kan lọ́nà Làfẹ́nwá. Bàbá yìí kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó mú mítà tí wọ́n fi ń wọn iná, ó fi ẹnu wáyà rẹ̀ méjèèjì kan orí bátìrì, ó ní kí n wá wò ó fúnra mi: fóltì 11.4. Ó ṣàlàyé pé bátìrì tó kún tó sì ti sinmi máa ń fi nǹkan bíi 12.7 hàn, tó bá fi sún mọ́ 12, ó ti lo bí ìdajì agbára rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó bá sì ń lọ sísàlẹ̀ báyẹn léraléra, yóò kú kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Ó ní bátìrì ẹ́ńjìnì wà fún kó tú agbára púpọ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà kí ọkọ̀ lè dáhùn. Wọn ò ṣe é fún kéèyàn máa fà á díẹ̀díẹ̀ mọ́jú.

A ṣírò rẹ̀ lórí páálí kan. Fíríìjì kékeré bíi tèmi ń gba nǹkan bí ampere 4 (ìwọ̀n iná tó ń fà) tó bá ń ṣiṣẹ́. Tó bá ṣiṣẹ́ fún ìdajì nínú wákàtí 10, ó ti jẹ ampere-wákàtí 20. Fáànù méjì, ampere 1.5 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wákàtí 10: ampere-wákàtí 30 ti lọ. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 50, gbogbo ohun tí bátìrì ẹ́ńjìnì mi lè gbé kò sì ju ampere-wákàtí 75 lọ. Ta ni kò mọ̀ pé kò lè dáhùn láàárọ̀?

Èyí tó bí mi nínú jù kò tíì yọjú. Bàbá ká kápẹ́ẹ̀tì sókè. Wáyà tín-ín-rín tí wọ́n fi ń ṣe gílóòbù ilé ni wọ́n fi gbé iná láti iwájú ọkọ̀ dé ẹ̀yìn. Rọ́bà ara rẹ̀ ti yọ́, ó ti lẹ̀ mọ́ fóòmù, fóòmù sì ti di dúdú níbẹ̀. Kò sí fíúùsì kankan, bẹ̀rẹ̀ láti orí bátìrì títí dé ìdí fíríìjì. Mo wo ibẹ̀, abẹ́ ibi tí mo ń gbé orí sí gan-an ni. Èmi àti ọjà mi la ìbá jọ jóná mọ́ inú ọkọ̀ lóru. Ẹni tó ṣe èyí gba owó mi, ó kí mi pé kí n máa lọ ire!

Bàbá kọ ohun tí a nílò sílẹ̀: bátìrì kejì tí wọ́n ṣe fún irú iṣẹ́ yìí, wáyà tó nípọn, fíúùsì tí yóò wà nítòsí orí bátìrì, àti relay tí yóò so bátìrì méjèèjì pọ̀ kìkì nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́. Tí ẹ́ńjìnì bá ń yí, alternator, ẹ̀rọ tó ń fi ẹ́ńjìnì ṣe iná, máa ń gbé iná dé nǹkan bí fóltì 14, relay á gbà kó wọ bátìrì ẹ̀yìn. Tí ẹ bá pa ọkọ̀, á yà wọ́n sọ́tọ̀, fíríìjì ò sì ní lè fọwọ́ kan ti iwájú.

Relay yìí ló dá wa dúró. Kò sí èyí tó lágbára tó ní gbogbo ibi tí a wá a dé, a ní kí wọ́n bá wa gbé e wá láti Èkó. "Ó ń bọ̀ lọ́la, Mọ́mì." Ọ̀la dé, wọ́n ní ọlọ́jà ò sí ní ìsọ̀. Wọ́n tún ní dẹ́rẹ́bà gbàgbé rẹ̀ sílé. Ilẹ̀ ọkọ̀ mi wà ní ṣíṣí, pákó bẹ́ẹ̀dì wà níta, òjò sì ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó wá dé, bàbá yí i sọ́wọ́, ó nà án sí mi: fóltì 24 ni wọ́n kọ sára rẹ̀. Ti ọkọ̀ ńláńlá ni, 12 sì ni ọkọ̀ tèmi. A dá a padà, ìdúró tún bẹ̀rẹ̀, ọdún Ọ̀ṣun sì ń sún mọ́lé. Mo máa ń kúrò ní ìsọ̀ nírọ̀lẹ́ lọ jókòó ní ṣọ́ọ̀bù bàbá, bóyá tí wọ́n bá rí mi, wọ́n á yára. Ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni. Kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n tú ọkọ̀ yín, kí gbogbo páàtì ti pé lọ́wọ́ yín, kí ẹ sì ti ka ohun tí wọ́n kọ sára wọn.

Ó jàjà parí. Mo fi sólà 200 watt kún un lórí òrùlé, ó sì ṣe é re. Ní Òṣogbo, mo yí kọ́kọ́rọ́ láàárọ̀, ó dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, omi tútù wà nínú fíríìjì. Orí mi wú.

Ṣé ó wá tọ́ kéèyàn rà á? Ẹ fi iye tiyín rọ́pò ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ká ní ọkọ̀ àti ohun tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ ₦9,000,000, tí ẹ sì lè tà á ní ₦5,000,000 lẹ́yìn ọdún márùn-ún. ₦4,000,000 ló wọlẹ̀, ìyẹn ₦800,000 lọ́dún. Ẹ fi ₦500,000 kún un fún táyà, sáfíìsì àti ìwé ọkọ̀: ₦1,300,000. Tí yàrá bá jẹ́ ₦40,000 lóru, ẹ gbọ́dọ̀ sùn sínú rẹ̀ fún òru 33 lọ́dún kó tó gba ara rẹ̀. Epo ò sí nínú rẹ̀ o, HiAce sì lè mu lítà 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní kìlómítà 100. Ẹ sì mọ bí epo ti dà láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023.

Ẹni tó kàn fẹ́ gbé ìdílé rẹ̀ lọ gbafẹ́ ní Ìdànrè lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kó háyà ọkọ̀, kó sì sanwó hòtẹ́ẹ̀lì. Ìyẹn ti tó fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Tèmi gba ara rẹ̀ torí pé owó háyà tí mo ń san fún ẹrù tẹ́lẹ̀ ti wọlé sínú ìṣirò, ọjà mi sì wà lábẹ́ mi lóru.

Tí ẹ bá sì ti rà á: gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń rọ̀ sí, ẹ jẹ́ kí wọ́n lu ihò sí ilẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù tí sílíńdà wà. Ẹ má tan jẹnẹrétọ̀ nítòsí ọkọ̀ tí ẹ bá ń sùn, èéfín rẹ̀ ń pààyàn lójú oorun. Ẹ má sùn sí ẹ̀bá ọ̀nà márosẹ̀. Ẹ tọrọ ààyè nínú ọgbà tó ní ọlọ́dẹ, kí ẹ sì fún ọlọ́dẹ ní nǹkan. Ìnṣọ́ránsì third-party, tó di ₦15,000 fún ọkọ̀ aládàáni láti oṣù Kìíní ọdún 2023, kò ní san kọ́bọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì tàbí sólà yín tí wọ́n bá jí i. Kí káfíńtà tó fi pákó bo ara ọkọ̀, ẹ fi fóònù ya fọ́tò gbogbo ibi tí wáyà gbà, kí ẹ sì rí fíúùsì pẹ̀lú ojú ara yín kí ẹ tó san owó tó kù.