Bí a ṣe lè so àwọn onímọ̀ sítáàṣì ẹ̀gẹ́ mọ́ àwọn ilé iṣẹ́

Nàìjíríà ló ń pèsè ẹ̀gẹ́ jù lágbàáyé, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ wa ṣì ń ra sítáàṣì láti òkè òkun. Onímọ̀ kò wọ́n wa: FIIRO, ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ fún iṣẹ́ ilé iṣẹ́, ti wà l'Óṣòdì láti 1956, IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ àgbáyé, n'Íbàdàn láti 1967, NRCRI, ilé ìwádìí ohun ọ̀gbìn oníṣu, ní Umudike, FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀, l'Abẹ́òkúta. Ká so wọ́n mọ́ra wọn, ká tún so wọ́n mọ́ ẹni tó ń ra ẹ̀gẹ́, ni iṣẹ́ tó kù. Bí ẹ bá fẹ́ dá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ẹ má tíì pe ìpàdé òtẹ́ẹ̀lì o.

Ilé iṣẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Ẹ bi ọ̀gá tó ń darí ẹ̀rọ pé kí ló ń dá iṣẹ́ wọn dúró. Ẹ ó gbọ́ pé ẹ̀gẹ́ sùn sójú ọ̀nà, nígbà tó sì jẹ́ pé láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n bá wú u ni inú rẹ̀ ń dúdú. Ẹ ó gbọ́ pé bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, tí ẹ̀gẹ́ ń rúwé tuntun, sítáàṣì inú rẹ̀ á dín kù. Inú irú ẹjọ́ báyìí ni kí àkòrí ìwádìí ti jáde.

Lẹ́yìn náà, ẹ fẹnu kò sórí òṣùwọ̀n kan fún sítáàṣì inú ẹ̀gẹ́, torí ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ fọ iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára ẹ̀gẹ́, ẹ gé ìdí igi tó kù lórí rẹ̀, ẹ wọn kílò 5. Ẹ kó o sínú apẹ̀rẹ̀ wáyà, ẹ fi kọ́ ìwọ̀n, kó rì pátápátá sínú omi inú ike láì fara kan ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ yọ ìwọ̀n apẹ̀rẹ̀ nínú omi kúrò. Ká ní ó ku kílò 0.5: ẹ yọ 0.5 nínú 5, yóò ku 4.5, ẹ fi 4.5 pín 5, ẹ ó rí 1.11. Bí nọ́ńbà yìí bá ṣe ga sí ni sítáàṣì ṣe pọ̀ sí. Àgbẹ̀ náà lè ṣe é lójú oko, kò sì ní sẹ́ni tó máa rẹ́ ẹ jẹ. Ní ti àwọn láàbù, ẹ pín sítáàṣì gbígbẹ láti inú àpò kan náà fún gbogbo wọn. Èyí tí èsì rẹ̀ bá yà sọ́tọ̀ gédégbé, kó lọ tún ìwọ̀n rẹ̀ ṣe.

Kí ohunkóhun tó kúrò nílé iṣẹ́ lọ sí láàbù, ẹ kọ àdéhùn: ta ló ni àbájáde, oṣù mélòó ni ilé iṣẹ́ lè fi dá ìtẹ̀jáde dúró? Ohun tí ẹ bá ti tú síta ṣòro láti gba pátẹ́ǹtì lé lórí. Akẹ́kọ̀ọ́ náà sì gbọ́dọ̀ rí ìwé àṣekágbá rẹ̀ kọ.

Ẹ gba òṣìṣẹ́ kan tí wọ́n ń sanwó fún, tó máa ń pe kálukú. Kánádà fún GlycoNet, ẹgbẹ́ àwọn olùwádìí nípa oríṣìí ṣúgà inú ohun ẹlẹ́mìí, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2015, ní ibùdó ní Yunifásítì Alberta, nígbà táwọn olùwádìí rẹ̀ wà káàkiri orílẹ̀-èdè. Ilé iṣẹ́ tí kò lówó láti dá lè gba akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe IT (ẹ̀kọ́ṣẹ́ nílé iṣẹ́), tàbí kó fún àwọn olùwádìí ní ẹ̀gẹ́.

Ẹ má sì ṣe fi àgbẹ̀ sẹ́yìn. Bí gàrí bá wọ́n lọ́jà, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe gàrí ló máa kó ẹ̀gẹ́ lọ, àyàfi tí ẹ bá ti jọ sọ̀rọ̀ owó kí wọ́n tó gbìn ín.