Píánò tó ń han gooro

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ̀ ń tẹ píánò ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Abẹ́òkúta níbí, ẹ má tíì ta èyí tó ń han gooro o. Òòlù inú rẹ̀ ló le. Irun àgùntàn tí wọ́n kì pọ̀ ni wọ́n fi bo orí òòlù yẹn. Bó ṣe ń lu wáyà lójoojúmọ́, á gan, wáyà á sì gbẹ́ ojú ilà sí i lára. Ẹ kọ́kọ́ fi sáńpépà kúnná yún ojú ilà náà kúrò. Kẹ́ ẹ wá fi abẹ́rẹ́ gún èjìká òòlù náà, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀, níwájú àti lẹ́yìn, kí irun náà lè rọ̀, kẹ́ ẹ fọwọ́ gbé e nídìí kí igi rẹ̀ má baà kán. Ẹ má gún góńgó orí tó ń kan wáyà! Mo ṣe bẹ́ẹ̀ rí ní Ìbarà, ńṣe ni ohùn náà kú fin-ín. Ẹ gún un bí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ gbọ́, kẹ́ ẹ tó tún gún un.