Kí Orúkọ Ọmọ Yín Tó Wọ Rẹ́jísítà Lẹ́sìnnì: Ìtọ́sọ́nà fún Òbí ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ní sáà tó kọjá, a wá ọmọ ọdún 8 kan títí di aago méje ààbọ̀ alẹ́. Ìyá rẹ̀ rò pé ó wà ní lẹ́sìnnì, ìyẹn ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn tí ilé ìwé bá ti tú, ní ilé ìwé ìjọba tó ń lọ. Tíṣà ṣí rẹ́jísítà níwájú wa, ó fi ìka tọ orúkọ 34 láti òkè délẹ̀. Tọmọ náà ò sí níbẹ̀. Ìyá ní, "Mo ṣáà ní kó sọ fún tíṣà pé kí wọ́n kọ orúkọ òun." Ẹ̀yìn ilé ẹ̀rọ tí wọ́n ti ń rin ẹ̀gẹ́ la ti rí i, ó ti sùn lọ fọnfọn lórí àpò òfìfo.

Ìyẹn la ṣe kọ ìwé yìí. A ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń fọ yúnífọ́ọ̀mù tàbí bí wọ́n ṣe ń fọ́mọ lóúnjẹ. Ohun tẹ́ ẹ kì í ṣe ni kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ ara yín lọ kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ fi àpò gàrí 3 ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, ẹ ó kọ orúkọ sára àpò, ẹ ó gba nọ́ńbà dírẹ́bà, ẹ ó tún pè é nígbà tó bá dé Ọ̀yọ́. Ọmọ wá ń kọ́? Ẹ ní kó gbé orúkọ ara rẹ̀ lọ.

Ọ̀gá ilé ìwé ọmọ yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi. Kì í ṣe gbogbo ilé ìwé ìjọba ló ń ṣe lẹ́sìnnì. Bí tibẹ̀ ò bá ṣe é, kó júwe èyí tó wà nítòsí. Alága ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ náà máa ń mọ̀. Bí ẹ ò bá rí i gbọ́ lẹ́nu wọn, ó di ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ará Kinnira, ti Àríwá Ògbómọ̀ṣọ́ ni kẹ́ ẹ lọ. Ará Arówómọlé, ti Gúúsù.

Ọ̀sẹ̀ kìíní sáà ni kẹ́ ẹ lọ, ní aago 7:30 òwúrọ̀, kí agogo tó lù. Ẹ mú fọ́tò pásípọ́ọ̀tù 2 dání, ẹ̀dà ìwé ọjọ́ ìbí 1, àti nọ́ńbà fóònù 3. Mẹ́ta la wí o, kì í ṣe ẹyọ kan. Kí ọ̀kan jẹ́ ti ẹni tí kì í lọ oko, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò pọ̀ lóko. Orúkọ tí wọ́n fi mọ ọmọ ní kíláàsì ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀: bó bá jẹ́ Adéwálé níbẹ̀, ẹ má lọ pè é ní Àkànbí ní lẹ́sìnnì.

Ẹ má kúrò nídìí tábìlì títí ẹ ó fi rí i tí bíró kan ìwé. Ẹni tí ò mọ̀wé kà, kó mú ẹni tó mọ̀ ọ́n kà dání. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Kí wọ́n kọ orúkọ ẹni 2 tó lè wá mú ọmọ lọ sílé. Ẹ bèèrè aago tí lẹ́sìnnì ń tú, àti ẹni tí yóò pè yín lọ́jọ́ tí lẹ́sìnnì ò bá sí.

Òfin ètò ẹ̀kọ́ ọdún 2004 sọ ẹ̀kọ́ ọdún 9 àkọ́kọ́ di ọ̀fẹ́ ní ilé ìwé ìjọba. Bí wọ́n bá bèèrè owó lẹ́sìnnì, ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe, kẹ́ ẹ sì gba rìsíìtì. Ẹ má fowó náà rán ọmọ.

Ẹ̀yin tọ́mọ yín ń lọ iléekéwú nírọ̀lẹ́, ẹ bá àfáà sọ aago kẹ́ ẹ tó lọ bá ọ̀gá ilé ìwé. Kẹ́ ẹ sì sọ igbá mángòrò kalẹ̀ lórí ọmọ! Orúkọ ẹ̀ wà nínú rẹ́jísítà, òun fúnra ẹ̀ ń kiri lóríta Takie: ta lẹ̀ ń tàn?

Tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ yọjú láìsọ tẹ́lẹ̀, kẹ́ ẹ ka iye ìgbà tí wọ́n ti máàkì ọmọ yín. Bí sáà tuntun bá wọlé, ẹ tún padà lọ, torí rẹ́jísítà mìíràn ni wọn yóò ṣí.