Bí mo ṣe ń gbin efinrin sínú omi lójú wíńdò

Yàrá kan ni mo ń gbé ní Adó-Èkìtì níbí, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, efinrin tí mo gbìn sísàlẹ̀ kọ́kọ́ di oúnjẹ ewúrẹ́ lándílọ́ọ̀dù, ìyẹn ló sún mi dédìí àtigbìn ín sínú omi. Kò sí pọ́ǹpù ńbẹ̀ o, torí iná wa náà, ẹ mọ̀ bó ṣe ń ṣe. Bernard Kratky ní Yunifásítì Hawaii ló ṣàlàyé ọ̀nà yìí, orúkọ ẹ̀ náà ni wọ́n fi ń pè é.

Ẹ má wulẹ̀ wá kóró kiri. Ẹ ra efinrin lọ́jà Ọba, ẹ ṣa ẹ̀ka tó ṣì le, tí kò tíì yọ òdòdó, ẹ gé e nísàlẹ̀ oríkèé, ẹ já ewé ìsàlẹ̀ kúrò kó ku bíi mẹ́rin lókè, kẹ́ ẹ wá kì í bọ kọ́ọ̀bù omi lásán. Láàárín ọjọ́ 7 sí 14 gbòǹgbò funfun á ti yọ bí òwú. Minti tiẹ̀ máa ń yá jù ú lọ.

Ẹ wá ike ẹlẹ́nu fífẹ̀ tó gba lítà 1 tàbí 2, ẹ wé náílọ̀n dúdú mọ́ ọn, torí bí ìmọ́lẹ̀ bá ń wọnú omi, nǹkan àwọ̀ ewé tó ń yọ̀ yẹn á hù síbẹ̀. Ẹ lu ihò sí ọmọrí ẹ̀, ẹ ki igi efinrin tó ti yọ gbòǹgbò bọ̀ ọ́, ẹ fi fóòmù há a dáadáa, ihò tó bá ṣí sílẹ̀, ẹ̀fọn á gbabẹ̀ wọlé lọ yé ẹyin.

Ajílẹ̀ ńkọ́? NPK oko àgbàdo ò tó, kì í sábà ní calcium. Ẹ ra ti hydroponics, ìyẹn ajílẹ̀ ohun tí wọ́n ń gbìn sínú omi, tó wà ní A àti B, ẹ da A sómi, ẹ rò ó, kẹ́ ẹ tó da B. Tẹ́ ẹ bá po méjèèjì pọ̀ ní kíki, á dì bí ẹfun sísàlẹ̀, ewé ò sì ní rí i jẹ. Ìdajì ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀ ti tó, efinrin kì í ṣe alájẹkì. Kí pH omi náà, ìyẹn ìwọ̀n bó ṣe kan tó, wà láàárín 5.5 sí 6.5.

Ibi tí mo ti jìn sí kòtò rèé: àárọ̀ àárọ̀ ni mo ń bu omi kún ike dé ẹnu, mo rò pé ìtọ́jú ni. Ewé bẹ̀rẹ̀ sí í rọ, mo tún bu omi sí i. Ìgbà tí mo ṣí i, gbòǹgbò ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó ń yọ̀ lọ́wọ́, ó ń rùn bí omi ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ fún láfún. Gbòǹgbò náà ń mí o! Ọjọ́ àkọ́kọ́ nìkan ni kómi dé ọ̀dọ̀ gbòǹgbò lókè, bó bá ti ń fà, ẹ jẹ́ kó fà, gbòǹgbò òkè á máa rí atẹ́gùn. Tó bá ku díẹ̀ nísàlẹ̀, ẹ bù ú dé ìdajì, kó má kọjá bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 2 sí 3, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ pátá. Nígbà ọyẹ́ ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò, ó ń yára gbẹ.

Wíńdò tí oòrùn ń wọ̀ fún wákàtí 6 dáa. Tójò bá ṣú bolẹ̀, gílóòbù LED funfun, bíi rúlà kan sókè ewé, wákàtí 12 sí 14.

Tó bá ti hu ewé mẹ́fà sí mẹ́jọ, ẹ já orí ẹ̀ lókè oríkèé, ẹ̀ka méjì ló máa yọ padà. Ẹ já òdòdó dànù, ẹ má sì já ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ka tẹ́ ẹ gé tó bá gùn, ẹ má sọ gbogbo ẹ̀ sínú ọbẹ̀, ẹ mú kan padà sínú kọ́ọ̀bù omi yẹn.