Bí mo ṣe to ipò àwọn interrupt lórí FreeRTOS

Bọ́ọ̀dù STM32F4 ni mo fi ṣiṣẹ́ yìí, FreeRTOS (ètò kékeré tó ń pín àkókò fún àwọn iṣẹ́ inú chip) ló sì ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Interrupt (ìpè tó ń dá ohun tí chip ń ṣe dúró kó lè kọ́kọ́ dá nǹkan mìíràn lóhùn) mẹ́ta ló wà nílẹ̀: táímà tó ń darí iná motor, UART tó ń gba dátà wọlé, àti bọ́tìnì kan lásán.

Kí n tó fún èyíkéyìí ní nọ́mbà, mo kọ́kọ́ wò ó bóyá yóò pe kernel, ìyẹn ọkàn FreeRTOS. Lójú tèmi, ìyẹn ló yẹ ká mọ̀ ná, ká tó máa sọ èyí tó ń kánjú jù. Táímà ò bá kernel da nǹkan pọ̀: ó ka iye iná, ó yí PWM (títan-pa kíákíá tó ń pinnu iná tó ń dé motor) padà, ó parí. UART ń pe xQueueSendFromISR láti fi dátà sórí ìlà, bọ́tìnì sì ń fún task kan (iṣẹ́ tí FreeRTOS ń darí) ní semaphore, ìyẹn àmì pé ó lè máa lọ.

Lórí Cortex-M4 tó wà nínú STM32F4, nọ́mbà tó kéré ló ga jù. Bíìtì 4 ni STM32F4 ń lò fún nọ́mbà yìí, nítorí náà 0 ni ọ̀gá pátápátá, 15 ló kẹ́yìn. Ti task inú FreeRTOS wá yàtọ̀, nọ́mbà ńlá ló ń ṣe ọ̀gá níbẹ̀. Ó sú mi díẹ̀; mo kọ ọ́ gàdàgbà sókè fáìlì mi.

Mo fi configLIBRARY_MAX_SYSCALL_INTERRUPT_PRIORITY, ààlà àwọn interrupt tó lè pe kernel, sí 5. Bí kernel bá ń ṣe ohun tí kò fẹ́ kí wọ́n já lù, yóò fi ààlà yìí sínú BASEPRI (register inú chip tó ń dí interrupt lọ́nà), interrupt 5 dé 15 á sì dúró. Èyí tó wà ní 0 sí 4 ń bá tirẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ pe kernel láé. Bíìtì mẹ́rin yẹn wà lápá òkè register, nítorí náà 80 (5 × 16) ni BASEPRI ń gbà, kì í ṣe 5. NVIC_SetPriority, function tó ń fún interrupt ní nọ́mbà, máa ń sún un fúnra rẹ̀.

Táímà gba 2, UART gba 6, bọ́tìnì gba 10. Mo lo NVIC_PRIORITYGROUP_4 kí bíìtì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè jẹ́ ti preemption, ìyẹn kí interrupt kan lè já lu òmíràn. Interrupt tí a kò bá sì fún ní nọ́mbà kankan, 0 ló máa wà, ìyẹn lókè ààlà; ẹ má fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ bó bá ń pe kernel.

Mo wá mọ̀ọ́mọ̀ gbé UART lọ sí 3 láti dán configASSERT (àyẹ̀wò tó ń dá ètò dúró bí àṣìṣe bá wà) wò. Bí báìtì àkọ́kọ́ ṣe wọlé báyìí, gbogbo rẹ̀ dúró gbagidi sínú vPortValidateInterruptPriority, tó ń yẹ nọ́mbà interrupt wò. Mo dá a padà sí 6, mo da dátà bo UART, mo sì ń wo pin táímà lórí oscilloscope (ẹ̀rọ tó ń ya bí iná ṣe ń lọ). Àkókò rẹ̀ kò yẹ̀ rárá.