Bóòtì tó kọ̀ tí ò tú: ohun tẹ́ ẹ máa ń bi mí àti ìdáhùn ẹ̀

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tún mọ́tò ara mi ṣe nínú ọgbà ilé wa n'Íbàdàn, àwọn ará àdúgbò sì máa ń pè mí tí nǹkan bá há. Bóòtì tó kọ̀ tí ò tú ni wọ́n ń torí ẹ̀ pè mí jù, ìgbà tí mo bá sì fi máa débẹ̀ wọ́n á ti fi ipá ba orí ẹ̀ jẹ́. Ó ń dùn mí, torí iṣẹ́ wákàtí kan ló ń di iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó lọ gbé páìpù tẹ́ ẹ fẹ́ fi mú spánà gùn.

Mo ti ń yí i láti àárọ̀, ò mira.

Ṣé ẹ ń tú u ni àbí ẹ ń fún un? Ẹ kọjú sí orí bóòtì yẹn gan-an, ọwọ́ òsì la ń yí i sí. Téèyàn bá sùn sábẹ́ mọ́tò, ọwọ́ òsì àti ọ̀tún máa ń dàrú mọ́ ọn lójú.

Spánà wo ni kí n lò?

Ríǹgì, èyí tó yí orí bóòtì po, tàbí sọ́kẹ́ẹ̀tì olójú mẹ́fà. Fúláàtì, èyí tó lanu, kọ́! Ẹ má sì fi spánà 9/16 (ti íǹṣì) tú bóòtì 14 (ti mìlímítà) torí pé ó wọlé. Ó fi díẹ̀ fẹ̀ jù ú lọ, díẹ̀ yẹn náà ló máa jẹ orí ẹ̀ di róbótó.

Nọ́ọ̀tì táyà ò tú, ṣe ni táyà ń bá mi yí.

Ẹ sọ mọ́tò kalẹ̀. Ìgbà tí táyà ṣì wà nílẹ̀ la máa ń dẹ nọ́ọ̀tì ẹ̀, ká tó fi jáàkì gbé e. Ohun tó sì jẹ́ kó le tó bẹ́ẹ̀ ni pé fọkanáísà tó fún un gẹ́yìn gun orí wíìlì spánà ni. 103 Nm (Nm la fi ń wọn agbára tá a fi ń yí nǹkan) ni Toyota sọ fún Camry àti Corolla, ìyẹn ò ju kéèyàn mú spánà tó gùn tó ìgbọ̀nwọ́ kan kó sì fi ìwúwo tí ò tó ìlàjì àpò sìmẹ́ńtì tẹ̀ ẹ́. Kò sí ìdí tẹ́nikẹ́ni fi gbọ́dọ̀ gùn ún.

Mo ti fọ́n WD-40 sí i títí agolo fi tán, síbẹ̀ ò tú.

Ìgbà wo lẹ fọ́n ọn? "Ìṣẹ́jú márùn-ún sẹ́yìn" ni gbogbo yín máa ń sọ. Epo ò lè fi ìṣẹ́jú márùn-ún wọ ibi tí ìdógùn-ún ti ń kóra jọ láti ọdún mẹ́wàá. WD-40 pàápàá, ọdún 1953 ni wọ́n po ó, kó lè lé omi kúrò lára irin kí irin má bàa dógùn-ún ni wọ́n ṣe po ó, ohun tí WD yẹn dúró fún gan-an nìyẹn. Ó wúlò, àmọ́ kì í ṣe òun ló mọ bá a ṣe ń wọ inú tírẹ́ẹ̀dì (ojú ìlà tó yí bóòtì po) jù. Èmi, ATF (epo jíà ọkọ̀ ọtomátíìkì) ìlàjì, asitóònù ìlàjì, asitóònù tí àwọn tó ń ṣe èékánná fi ń nu kútẹ́ẹ̀sì yẹn. Inú agolo ni kẹ́ ẹ po ó sí torí ó máa ń yọ́ àwọn ike kan, ẹ mì í dáadáa kẹ́ ẹ tó kán an torí méjèèjì kì í pò pọ̀ pẹ́, kẹ́ ẹ má sì tan iná kankan nítòsí ẹ̀. Kán an lálẹ́, fi òòlù gbá orí bóòtì yẹn kò-kò-kò bí ìgbà mẹ́wàá, lọ sùn. Tún kán an láàárọ̀. Tó bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ẹ má fà á lọ tán lẹ́ẹ̀kan, ẹ tú u díẹ̀, ẹ dá a pa dà díẹ̀, ẹ kán epo sí i, títí á fi jáde. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ tó ń dún kíí-kíí tó sì ń le sí i, ẹ dúró, ó fẹ́ dá nìyẹn.

Mo ti tú kálípà (irin tó ń fún páàdì mọ́ dísíkì), mo ti tú gbogbo ẹ̀, dísíkì bírèkì ò kúrò.

Ẹ wo ojú dísíkì yẹn, ihò kékeré méjì wà níbẹ̀ tó ní tírẹ́ẹ̀dì nínú, ó wà lára ọ̀pọ̀ Toyota. Ẹ wá bóòtì M8 méjì (tó nípọn tó mìlímítà mẹ́jọ) tí spánà 12 ń tú, ẹ fún wọn wọbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ọ̀tún ẹ̀ẹ̀kan òsì. Fúnra ẹ̀ ló máa fò jáde. Ẹ yé fi òòlù fọ́ dísíkì olówó iyebíye.

Orí bóòtì ti jẹ, spánà ń yọ̀ lórí ẹ̀.

Ẹ wá sọ́kẹ́ẹ̀tì tó kéré jù ú díẹ̀, ẹ fi òòlù gbá a wọ̀ ọ́ lórí. Tíyẹn ò bá ṣe é, ẹ pe wẹ́dà kó wẹ́ẹ̀dì nọ́ọ̀tì tuntun mọ́ ọn lórí, kẹ́ ẹ wá fi spánà tú nọ́ọ̀tì yẹn. Ooru wẹ́ẹ̀dì yẹn pàápàá sábà máa ń mú kó dẹ̀. Àmọ́ ẹ yọ orí bátìrì kó tó bẹ̀rẹ̀.

Nọ́ọ̀tì ti jáde pátápátá, bóòtì ń yí, àmọ́ ò jáde.

Èyí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà, torí ó jẹ mí níyà.

Camry 2004 ni, Big Daddy, ti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ẹ̀yìn ẹ̀ ń dún gbọ̀n-gbọ̀n tó bá ti wọ kòtò, búùṣì (rọ́bà tó wà lẹ́nu) ààmù ẹ̀yìn, ìyẹn apá irin tó di ẹsẹ̀ táyà mú, ló ti jẹ tán. Mo ra ààmù tuntun ní Ladipọ, ọjà páàtì mọ́tò n'Ékòó, mo gbé mọ́tò sókè, mo gbé e lé sítáńdì (jáàkì nìkan ò tó o, ẹ má wọ abẹ́ mọ́tò tí jáàkì nìkan gbé dúró, pàápàá tẹ́ ẹ bá máa fa spánà), nọ́ọ̀tì sì tú kíá. Inú mi dùn. Mo wá fi spánà yí bóòtì yẹn, ó yí díẹ̀, mo ju spánà sílẹ̀, ó sì fà pa dà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ẹ rántí fífà pa dà yẹn. Rọ́bà búùṣì ló ń fà á. Inú búùṣì yẹn, páìpù irin kékeré kan wà tí bóòtì gba àárín ẹ̀ kọjá, òun àti bóòtì ló ti dógùn-ún pọ̀ bí ẹni pé wọ́n wẹ́ẹ̀dì wọn, tẹ́ ẹ bá ti ń yí bóòtì, páìpù ń bá a yí, rọ́bà ń lọ́. Mọ́tò tó bá ti ìlú olótùútù wá, bíi Kánádà tàbí àríwá Amẹ́ríkà, tí wọ́n máa ń da iyọ̀ sójú títì kí yìnyín lè yọ́, ibẹ̀ gan-an ni iyọ̀ yẹn máa ń jẹ.

Ọjọ́ kìíní, mo kán epo. Epo ò ríbi gbà, torí páìpù yẹn gùn, etí ẹ̀ méjèèjì sì lẹ̀ mọ́ irin típẹ́. Ọjọ́ kejì, mo gbé òòlù. Mo gbàgbé láti dá nọ́ọ̀tì pa dà sẹ́nu bóòtì kí n tó máa gbá a, ẹnu ẹ̀ wú bí orí olú, kò wá lè gba ihò yẹn mọ́ láéláé. Lọ́sàn-án mo pe wẹ́dà, ó gbé gáàsì kábáàdì dé. Iná ò tíì pẹ́ lára ẹ̀ tí rọ́bà búùṣì fi gbiná, èéfín dúdú ń rú, mo gbójú sókè báyìí, táǹkì epo ni mo rí, kò jìnnà síbi tí iná wà rárá. Mo ní kó pa á. Àyà mi ò tètè wálẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ má dán an wò níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì fi brake cleaner (oògùn tá a fi ń fọ bírèkì) nu ibì kankan, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa kí iná tó débẹ̀, àwọn kan wà nínú wọn tó ní chlorine, tí iná bá kàn án gáàsì olóró ló ń dà.

Ọjọ́ kẹta ni mo ṣe ohun tó yẹ kí n ti ṣe lọ́jọ́ kìíní: mo gé e. Alàfo tín-ín-rín kan wà láàárín búùṣì àti irin tó dì í mú, lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Mo yọ bíléèdì àyùn irin kúrò nínú férémù ẹ̀, mo fi aṣọ wé ìdí ẹ̀, mo rẹ́ bóòtì àti páìpù pa pọ̀ níbi méjèèjì. Ọwọ́ mi bó, wákàtí méjì àtààbọ̀ ló gbà mí, ààmù sì já wálẹ̀ wọ̀ọ̀. Fáìlì maṣíìnì á yá jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ mo ti rí táǹkì, mi ò fẹ́ kí iná ta níbẹ̀.

Torí náà, tí bóòtì ààmù bá ti ń fà pa dà bíi rọ́bà, ẹ má fi epo ṣòfò. Ẹ ra bóòtì tuntun mọ́ ààmù kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì wo nọ́ńbà orí ẹ̀ tó ń sọ bó ṣe lágbára tó: tó bá jẹ́ 10.9 lẹ yọ, ẹ ò gbọ́dọ̀ fi 8.8 rọ́pò ẹ̀, ó rọ̀ jù ú lọ. Ẹ kun gíríìsì sára bóòtì níbi tó ti máa wọ inú páìpù yẹn. Ẹ má sì fún un dópin lójú òfuurufú, ẹ sọ táyà kalẹ̀ kí ìwúwo mọ́tò wà lórí ẹ̀ kẹ́ ẹ tó fún un, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ rọ́bà tuntun á máa lọ́ láti ọjọ́ kìíní.

Bóòtì ti dá sínú ẹ́ńjìnnì. Mo fẹ́ ra easy-out (irin tá a ń fún wọ inú bóòtì tó dá ká lè fi yí i jáde).

Ẹ dúró. Irin easy-out le ju bíìtì dírílù yín lọ, tó bá dá sínú ihò yẹn, ẹ ò ní lè dírílù ẹ̀ mọ́. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ní ẹ̀rọ, àwọn tó ń ṣe ojú hẹ́ẹ̀dì (irin tó bo orí ẹ́ńjìnnì). Púlọ́ọ̀gì ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá kẹ́ ẹ tó tú u, alumíníọ̀mù ni ọ̀pọ̀ hẹ́ẹ̀dì, tó bá gbóná tírẹ́ẹ̀dì ẹ̀ máa ń bá púlọ́ọ̀gì jáde.