Bí mo ṣe kó VCD ilé wa sínú kọ̀ǹpútà kan ní pálọ̀ Màmá

Àpótí VCD mẹ́ta ló wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n Màmá wa n'Íbàdàn. Ọ̀kan kún fún fíìmù Yorùbá, apá kìíní àti apá kejì, tí Bàbá máa ń rà bọ̀ láti Dùgbẹ̀ bí owó oṣù bá ti wọlé. Méjì yòókù jẹ́ ti ayẹyẹ ilé wa: ìkómọjáde àbúrò mi obìnrin, ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ìsìnkú ìyá Bàbá. Ẹ̀rọ tó ń ka VCD ti bàjẹ́ tipẹ́, Bàbá náà sì ti papòdà láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Nígbà tí mo lọ kí Màmá, wọ́n nawọ́ sí àpótí yẹn, wọ́n ní, "Ohùn bàbá yín wà níbẹ̀ o, eruku la kàn ń jẹ́ kó bò ó." N kò sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà.

Mo pinnu pé màá wá kọ̀ǹpútà kékeré kan tí yóò jókòó sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, tí yóò gba gbogbo VCD náà sínú, tí Màmá á máa fi rìmóòtù yan èyí tó bá wù wọ́n. Kò gbọdọ̀ nílò íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí dátà tí Màmá ń rà kò ju ti WhatsApp lọ. Mo rò pé kọ̀ǹpútà ló máa ṣòro láti yàn. Software gan-an ló gba ọ̀sẹ̀ méjì lọ́wọ́ mi.

Ó ti lé lógún ọdún tí àwọn ilé-iṣẹ́ ti ń jà lórí ẹni tí yóò gba pálọ̀ wa. Ní 2002, Microsoft gbé Windows XP Media Center Edition jáde, Windows tí èèyàn lè máa fi rìmóòtù darí láti orí àga. Media Center yẹn bá Vista dé, ó bá Windows 7 dé. Nígbà tó di Windows 8, wọ́n yà á sọ́tọ̀ kí wọ́n lè máa gba owó lórí rẹ̀. Ní 2015, Windows 10 dé, Media Center kò sí nínú rẹ̀ mọ́ rárá. Apple ṣe tirẹ̀ ní 2005, wọ́n pè é ní Front Row. Ní 2011, nígbà tí Mac OS X Lion jáde, wọ́n yọ ọ́ kúrò. Kò sí èyí tó bàjẹ́ nínú méjèèjì. Àwọn tó ni wọ́n ló ti rí ọjà míì tó wù wọ́n.

Àwọn tí kò ní ilé-iṣẹ́ lẹ́yìn ni mo wá ń kà nípa wọn, ìtàn tiwọn sì dà bí ìtàn agbo ilé. Ní nǹkan bí 2003, àwọn kan kọ software fún Xbox, ẹ̀rọ géèmù Microsoft, láìgba àṣẹ lọ́wọ́ Microsoft, kí ó lè máa gbé fíìmù àti orin jáde. XBMC ni wọ́n pè é. Wọ́n ṣí ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ kí ẹni tó bá fẹ́ lè mú un, kí ó sì tún un ṣe. Ní 2014, nígbà tí kò sí lórí Xbox mọ́, wọ́n sọ orúkọ rẹ̀ di Kodi. Ọmọ méjì tó jáde lára rẹ̀ di ilé-iṣẹ́: Plex, tó bẹ̀rẹ̀ lórí Mac, àti Boxee. Boxee bá ilé-iṣẹ́ D-Link ṣe àpótí kan tí à ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n jáde ní 2010. Samsung ra ilé-iṣẹ́ náà ní 2013, a ò sì gbọ́ orúkọ Boxee lọ́jà mọ́. Plex dúró, ó sì tóbi.

Agbo ilé kejì ni ti Emby, software tó ń pín fíìmù láti orí kọ̀ǹpútà kan sí fóònù àti tẹlifíṣọ̀n. Abẹ́ Windows Media Center gan-an ló ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí wọ́n ń pè é ní Media Browser. Ní ìparí 2018 àwọn tó ni ín ti ilẹ̀kùn mọ́ code wọn, ìyẹn ohun tí wọ́n kọ tí software náà fi ń ṣiṣẹ́. Àwọn kan tí kò fara mọ́ ọn mú èyí tó wà ní gbangba kẹ́yìn, wọ́n gbé e lọ, wọ́n pè é ní Jellyfin. Ọ̀fẹ́ ni títí dòní.

Plex lẹ́wà ju gbogbo wọn lọ, n ò ní purọ́. Àmọ́ bí wọ́n ṣe ṣe é ni pé kí èèyàn ṣí àkáǹtì lọ́dọ̀ wọn. Ní oṣù kẹrin 2025, owó tí wọ́n ń gbà lẹ́ẹ̀kan fún ayérayé kúrò ní dọ́là 120, ó di 250, wíwo ohun tó wà nílé rẹ láti ìta náà sì di ohun tí à ń sanwó fún. Wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ sí i, òṣìṣẹ́ wọn gbọ́dọ̀ jẹun. Ṣùgbọ́n ohùn bàbá mi ni mo fẹ́ tọ́jú, mo sì fẹ́ kó ṣì máa jáde ní pálọ̀ yẹn bí ilé-iṣẹ́ tó kọ software náà bá tiẹ̀ wọlé sùn. Mo mú Kodi fún tẹlifíṣọ̀n, mo mú Jellyfin fún fóònù àwọn ọmọ ilé.

Mo ra kọ̀ǹpútà kékeré tòkunbọ̀ kan ní Computer Village, Ìkẹjà, pẹ̀lú hard disk 1TB àti dráìfù DVD tí à ń fi USB sí. Debian, ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows, ni mo fi sórí rẹ̀, mo fi Kodi àti Jellyfin lé e. Níbi tí wọ́n ti ń yan ojú iṣẹ́ kí èèyàn tó wọlé, mo yan Kodi, mo sì ní kó máa wọlé fúnra rẹ̀ láìbéèrè pásíwọ̀ọ̀dù. Bí iná bá ti dé, Kodi nìkan ni Màmá máa rí.

Kíkó VCD ló jẹ ọjọ́ mi. Bí ẹ bá ṣí VCD, ẹ ó rí folder kan tó ń jẹ́ MPEGAV, AVSEQ01.DAT wà nínú rẹ̀. Mo kọ́kọ́ fẹ́ kó o bí mo ṣe ń kó fáìlì mìíràn, Debian kọ̀ jálẹ̀, ó ń sọ pé òun ò lè kà á. Ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ nǹkan sórí VCD yàtọ̀ sí ti CD lásán. Mo wá fi software kan tó ń jẹ́ vcdimager sí i; vcdxrip tó wà nínú rẹ̀ ló yọ fíìmù náà jáde ní mpg láìfọwọ́ kan àwòrán tàbí ohùn. Èyí tó bá ní ìlà lára, mo fi aṣọ rírọ̀ nù ún láti àárín lọ sí etí, mi ò nù ún yípo. Èyí tí dráìfù tèmi kọ̀, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi tó ní dráìfù ògbólógbòó, ó sì ka mẹ́rin nínú wọn. VCD mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ló wà. Méjìdínláàádọ́ta ló jáde. Gbogbo rẹ̀ kò tó 30GB, nítorí àwòrán VCD kò ju 352 sí 288 lọ.

Ọjọ́ tí mo kó ogún dé ni iná lọ lójijì. Nígbà tó dé, hard disk kò ṣí mọ́. exFAT ni mo fi ṣe é, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tí hard disk gbà ń to fáìlì; exFAT kì í kọ àkọsílẹ̀ ohun tó ń ṣe lọ́wọ́, bí iná bá gé e láàárín, ó lè dàrú. Mo sọ ọ́ di ext4, tó máa ń kọ àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo so kọ̀ǹpútà mọ́ íńfátà, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti orí kìíní. Láti ìgbà náà, ẹ̀dà kejì wà lórí hard disk tí mo gbé lọ sílé mi.

Orúkọ fáìlì ṣe pàtàkì. Bí fíìmù bá ní apá méjì, folder kan ni mo fi wọ́n sí, mo fi -part1 àti -part2 parí orúkọ wọn. Nínú Kodi, mo lọ sí Settings, Media, Videos, mo tan Combine split video items, ó sì sọ wọ́n di fíìmù kan ṣoṣo. Mo kọ́kọ́ jẹ́ kí ó lọ wá àwòrán fíìmù fúnra rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì gbé ojú àwọn òyìnbó tí n ò mọ̀ rí lé fíìmù Yorùbá lórí. Mo yí i sí Local information only, mo kọ fáìlì NFO kékeré, tí Kodi ti ń ka orúkọ fíìmù, fún fíìmù kọ̀ọ̀kan, orúkọ pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ pé pérépéré. Mo fi fóònù ya páálí VCD náà, mo pè é ní poster.jpg. Ó dùn mọ́ mi nínú láti rí wọn bí wọ́n ṣe tò sórí tẹlifíṣọ̀n, àwọn páálí tí Bàbá fọwọ́ ara wọn gbé wálé.

Rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n kò bá kọ̀ǹpútà náà sọ̀rọ̀. Raspberry Pi, irú kọ̀ǹpútà kékeré kan, ni HDMI tirẹ̀ máa ń gba àṣẹ rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n; ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà lásán kì í gbà á. Mo ra rìmóòtù kékeré tó ní USB tirẹ̀. Mo sì yọ ojú ọjọ́, rédíò, géèmù àti gbogbo ohun tí Màmá kò nílò kúrò lójú Kodi. Ohun kan kù: tẹlifíṣọ̀n ń na àwòrán títí ojú fi ń fẹ̀. Mo dá a padà sí 4:3, kí dúdú wà lọ́tùn-ún àti lósì. Bí ojú èèyàn ṣe rí ni kí ẹ jẹ́ kó rí.

Lálẹ́ ọjọ́ Sátidé a jókòó. Màmá kò yan ìkómọjáde, fíìmù ni wọ́n yàn, èyí tí àwọn àti Bàbá jọ máa ń wò. Nígbà tí apá kìíní parí, wọ́n dìde, wọ́n tẹ̀ síwájú lọ sídìí tẹlifíṣọ̀n láti pààrọ̀ sídíì. Apá kejì ti bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Wọ́n dúró síbẹ̀, ọwọ́ wọn ṣì wà lára tábìlì, wọ́n wojú mi, wọ́n ní, "Èmi àti bàbá yín la máa ń du ta ni yóò dìde."